Abẹ àti Bírò: Ojú Ara Ẹni Nínú Àwòrán Tóyìn Ojih Odùtọ́lá

Ẹni tí ó bá mọ Oǹdó dáadáa kò ní ṣàìmọ ilà wọn: ilà gbọọrọ kan péré ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ojú ń rí láti òkèèrè. Ọmọ tí wọ́n kọ ọ́ fún kọ́ ni ó bẹ̀ wọ́n. Ilé bàbá rẹ̀ ni ó ránṣẹ́ pe olóòlà. Àwọn àgbà tí wọ́n ṣì ní irú ilà yìí kò pọ̀ mọ́, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sì ti ka kíkọ ilà fún ọmọ léèwọ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ilà náà fi sílẹ̀ kò tíì tán: ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ nǹkan sí ojú ènìyàn? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn àwòrán ojú ara rẹ̀ tí Tóyìn Ojih Odùtọ́lá yà ní ọdún 2012, tí ó pe àkọlé wọn ní All These Garlands Prove Nothing, èyí tí a lè túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀yẹ òdòdó wọ̀nyí kò jẹ́rìí ohunkóhun.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1985. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì ni ó sì ń jẹ́ pọ̀. Ní ọdún 1990 ni wọ́n mú un lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń fi àwọ̀ ara dá ènìyàn mọ̀ kí wọ́n tó béèrè ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bírò lásán, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń mú wọ yàrá ìdánwò, ni olórí ohun èlò rẹ̀ nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí. Kì í da dúdú bo ojú bí ẹni tí ń kun ògiri. Ìlà wẹ́wẹ́ ni ó ń fà ní ìdì ní ìdì. Ìdì kan yóò gba apá kan, òmíràn yóò gun orí rẹ̀ gba ibòmíràn, títí awọ ojú yóò fi dà bí òwú tí a hun, tàbí bí iṣan tí a ṣí awọ kúrò lórí rẹ̀. Láàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ ń yọ. Bírò kò sì ṣe é pa rẹ́: ohun tí ó bá ti fà sójú ti di ti ojú nìyẹn. Níbí ni òun àti olóòlà ti pàdé, nítorí abẹ pàápàá kò ní ìparẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ ọlọ́mọ ni olóòlà ń kọ. Obìnrin yìí gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjú rẹ̀ sí ara rẹ̀.

Irun ni ó ń yí padà láti àwòrán kan dé èkejì. Àwa tí a mọ ṣùkú yàtọ̀ sí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ lè máa retí pé irun ni yóò sọ ẹni tí ó jẹ́ fún wa. Àkọlé rẹ̀ ti dá wa lóhùn.

Àwọn kan lè sọ pé oríkì ni irú àwòrán yìí. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Lóòótọ́, oríkì a máa to ìpele lé ìpele: ti bàbá, ti ìyá, ti ìlú, ohun rere àti ohun tí kò bójú mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ni ó ń ti jáde. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, àwọn ẹbí ni wọ́n máa ń jẹ́ kí a gbẹ́ ère àkó fún òkú ọlọ́lá láyé àtijọ́, kí ó jọ ọ́ gidi, kí wọ́n sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Babátúndé Lawal, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún 2001, so ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" mọ́ wíwò àti rírántí. Ẹni tí ń wò tí ó sì ń rántí kì í sì í sábà jẹ́ ẹni tí a yà. Nínú iṣẹ́ Odùtọ́lá, a rí irun, a kò rí ọwọ́ onídìrí. Ohun tí ó jèrè ni òmìnira. Ohun tí ó pàdánù ni agbo tí ń kí i. A rò pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà kan ní Àkúrẹ́, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi bírò ya ojú ara wọn kí wọ́n tó kọ àròkọ aṣàpèjúwe lórí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kọ gíga, àwọ̀ àti aṣọ ilé-ìwé, èyí tí ó ti sú gbogbo olùdánwò. Ọmọbìnrin kan, tí ojú rẹ̀ kò ní ilà kankan, fa ilà gbọọrọ kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. A bi í léèrè ibi tí ó ti rí i. Ó ní ti ìyá bàbá òun ní Oǹdó ni; wọn kò kọ ọ́ fún òun, ṣùgbọ́n ìyá náà ni gbogbo ẹbí ń sọ pé òun jọ. Lẹ́yìn náà ni ó bi wá bóyá a ó yọ máàkì òun, nítorí pé ohun tí òun yà kò sí lójú òun. A ní kí ó fi gbólóhùn yẹn gan-an bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀.