"A Dúpẹ́" Kì Í Ṣe Ìdáhùn: Lámèyítọ́ Èdè Wa Lẹ́bàá Ibùsùn Aláìsàn

Láti Bódìjà dé Agbowó, láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, pósítà ìsìnkú ò wọ́n lára ògiri. Ẹ ka èdè ara wọn dáadáa. Ẹnì kan "papò dà", èkejì "sùn nínú Olúwa", ẹ̀kẹta "dágbére fáyé". Ọba ní tiẹ̀, ńṣe ló "wàjà". Èdè wa lọ́rọ̀ rẹpẹtẹ fún ẹni tó ti kú. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò lónìí ni ti ẹni tó ṣì ń mí, tó mọ̀ pé òun ń lọ, tí a ò sì rí nǹkan gidi kan sọ fún.

Ẹ jẹ́ ká yẹ gbólóhùn mẹ́ta wò.

Àkọ́kọ́ ni "Ara ńkọ́?" Ó jọ ìbéèrè, àmọ́ ìkíni ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀: "A dúpẹ́." Ìyá tí ìrora jẹjẹrẹ ò jẹ́ kó fojú kan oorun á sọ fún nọ́ọ̀sì pé "a dúpẹ́", nọ́ọ̀sì á sì gbà pé ara ti ń balẹ̀. Ìyá ò purọ́ o, ìwà ọmọlúàbí ló hù. Ṣùgbọ́n ìwà yẹn lè fi oògùn ìrora dù ú. Ẹ bi í ní ìbéèrè tí "a dúpẹ́" ò lè dáhùn: "Ibo ló ń dùn yín jù? Ṣé ẹ rí oorun sùn lánàá?"

Èkejì ni "Ẹ ò ní kú lágbára Ọlọ́run." Àdúrà ni, mi ò sì bá àdúrà jà. Iṣẹ́ tí gbólóhùn náà ń ṣe ni mò ń wò. Bàbá fẹ́ sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, ẹni tó jẹ lówó, ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Kó tó lanu, gbogbo ilé ti ké "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àdúrà ti di ìdérí. Bàbá á gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ á sì máa jà. Ẹ ṣe "àmín", kẹ́ ẹ wá fà sún mọ́ ọn: "Kí lẹ fẹ́ ká gbọ́, Bàbá?"

Cicely Saunders, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, fi irú ìfetísílẹ̀ yìí ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1967 ló ṣí St Christopher's Hospice ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ́ wa pé ìrora ẹni tó ń kú ju ti ara lọ: ti ọkàn ń bẹ níbẹ̀, ti ẹbí àti owó ń bẹ níbẹ̀, ti ẹ̀mí náà ń bẹ níbẹ̀. Nílé wa níbí, UCH tí wọ́n ṣí ní 1957 ní ẹ̀ka tó ń ṣe irú ìtọ́jú yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo sì wà lára àwọn tó tiraka fún un. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní "kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́", ẹ bi í pé: ìrora ńkọ́? Mọ́fíìnì olómi ń bẹ fún un.

Gbólóhùn kẹta máa ń dé lẹ́yìn ikú: "Má sunkún mọ́, àgbà ló lọ." Ọmọbìnrin tó fi ọdún méjì wẹ ìyá rẹ̀, tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn lóru, ni wọ́n ń bi pé aṣọ ẹbí wo la máa mú. Torí pé ìyá pé 90, ọ̀fọ̀ ti di ìnáwó. Ọjọ́ orí òkú kì í dín àárò kù! Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má fi "ìpele márùn-ún" Elisabeth Kübler-Ross wọn ẹkún rẹ̀. Ẹnu àwọn tó ń kú lọ́wọ́ ló ti gbọ́ ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1969. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá ń lò ó fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, bíi pé gbogbo ẹkún ló ń gba ọ̀nà kan náà. Ìgbà tí wọ́n bá tú kánópì tán ni ilé máa ń dákẹ́. Ẹ lọ kí i lóṣù kejì. Ẹ dárúkọ ìyá rẹ̀ fún un.

Àwọn kan á ní èdè Yorùbá ni ò gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò gbà. "Ẹ kú" wa ò ní ààlà: ẹ kú ìdúró, ẹ kú òtútù, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kí ló ní ká má kí olùtọ́jú ní "ẹ kú àìsùn", "ẹ kú ìtọ́jú Màmá", ká sì dúró tì í lóru ọjọ́ kan kó lè sùn? Gírámà gbà á, àwa la ò tíì gbà.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Wọ́n fi bú wa ni. Oríkì tí ẹ ń tọ́jú pa mọ́ de pósítà, ẹ lọ fi ki ìyá yín lónìí, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.