Lórí Títo Orúkọ Fíìmù Nínú Kọ̀ǹpútà
Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan a máa fo “the” ti Gẹ̀ẹ́sì àti “le” ti Faransé bí wọ́n bá ń to orúkọ fíìmù. Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Arọ́pò-orúkọ ni “Ó” inú Ó Le Kú, fíìmù Túndé Kèlání (1997). Bí ẹ̀rọ bá kà á sí “o” ti Pọtogí, abẹ́ L ni yóò tò ó sí. Àmì ohùn ṣeé kọ́kọ́ fò, kí a tó fi ya ìlú sọ́tọ̀ sí ìlù. Àmì abẹ́ lẹ́tà kò ṣeé fò. Bí a bá fò ó, ẹ ti Nàìjíríà yóò di e, ɛ ti Benin yóò sì dá dúró. Ẹni tí ń wo àkójọ ní Okpomèta yóò wá ọ̀rọ̀ kan náà ní àyè méjì.