Òkúta Ààyè Inú Omi Iyọ̀
Iṣẹ́ ẹni tó mọ òkúta ààyè í tọ́jú nínú àpótí ẹja olómi iyọ̀ tuntun máa ń wú mi lórí. Á fi búrọ́ọ̀ṣì ha ohun tó ti kú kúrò lára òkúta náà, á tò ó pẹ̀lú àlàfo kí omi lè máa ṣàn kọjá láàárín rẹ̀, ní nǹkan bí 25°C. Inú ihò òkúta ni bakitéríà ń gbé, ìyẹn la ṣe ń pè é ní òkúta ààyè; àwọn ló ń sọ ammonia di nitrite, kí wọ́n tó sọ ìyẹn di nitrate. Sùúrù ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Kò ní fi ẹja kankan síbẹ̀ àfi tí ammonia àti nitrite bá di 0. Lẹ́yìn náà, á máa ṣọ́ calcium, kí ewé òkun coralline elésè-àlùkò lè tàn kálẹ̀ lára òkúta. Ẹwà gidi nìyẹn!