Lẹ́tà Alára Méjì

Nígbà tí Isaac B. Thomas ń gbé àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé-ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, ohun tí ó fi han àwọn òǹkàwé ni pé obìnrin kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ ni ó ń kọ wọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ wọ́n. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí lámèyítọ́ Yorùbá mọ̀ pé ojú tí lẹ́tà fi ń wo ni lè yàtọ̀ sí ọwọ́ tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ ni Thomas fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́ sí. Ohun tí òǹkàwé yóò fi tú u wà lórí bébà níwájú rẹ̀. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, èyí tí à ń pè ní ímeèlì, kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan rẹ̀ wà níwájú wa, apá kan wà lẹ́yìn ohun tí a ń wò, apá kan sì lè wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́, tí ó ń retí kí a ṣí ìwé náà. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́rọ, ṣùgbọ́n bí a ó ṣe ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò kọjá ọ̀rọ̀ ìwé kíkà.

Ní 1971, nígbà tí Ray Tomlinson fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ nìkan ni ímeèlì. A títí dé Z, nọ́ńbà àti àmì díẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju 128 lọ. Irú lẹ́tà yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní plain text. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ lè sáré pè é ní 'ọ̀rọ̀ lásán'. N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé 'lásán' ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé ni èmi yóò máa pè é. Nígbà tí ó di 1992, Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé ìlànà MIME jáde, èyí tí ó jẹ́ kí ímeèlì lè gbé àwòrán, ohùn àti àwọn álífábẹ́ẹ̀tì mìíràn. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí HTML, èdè tí wọ́n fi ń to ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, wọ inú lẹ́tà pẹ̀lú àwọ̀ àti ọ̀ṣọ́ rẹ̀.

Ìlànà MIME gbà pé kí lẹ́tà kan ní ara méjì: pọ́ńbélé ni yóò ṣáájú, HTML yóò tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ yóò sì mú èyí tí agbára rẹ̀ bá ká. Ohun tí ìlànà náà retí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ara méjèèjì yóò sọ. Ta wá ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Kò sí. Òǹkọ̀wé lè sọ nǹkan kan nínú ti ìṣáájú kí ó sì sọ òmíràn nínú ìkejì. Àwa tí à ń fi ẹ̀dà ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wé òmíràn mọ irú ìṣòro yìí, àfi pé ẹnu méjì ni ẹ̀dà méjì ti máa ń jáde. Níhìn-ín, ẹnu kan ṣoṣo ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń kọ sínú ara pọ́ńbélé: pé ẹ̀rọ ẹni kò lè fi lẹ́tà náà hàn. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ. Òǹkọ̀wé ni kò kọ nǹkan kan. Mo máa ń pa irú wọn rẹ́ láìkà á.

Ẹ wo ohun tí ọ̀ṣọ́ HTML lè bò mọ́lẹ̀. Orúkọ báńkì yóò hàn lójú ìwé, àdírẹ́sì tí ó wà lẹ́yìn orúkọ náà yóò sì mú ni lọ sí àgọ́ olè. A lè fi àwọ̀ funfun kọ ọ̀rọ̀ sórí funfun. A lè fi àwòrán kan sínú lẹ́tà tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé ni ẹ̀rọ wa yóò ti lọ mú un wá; bí ẹ̀rọ bá ti débẹ̀, òǹkọ̀wé ti mọ̀ pé a ti ṣí ìwé òun, ó mọ ìgbà tí a ṣí i, ó sì lè fojú da agbègbè tí a wà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ inú òwe yìí ní làákàyè, ó sì mọ ẹni tí ó rán òun. Ní ti àwòrán kékeré yìí, ẹ̀rọ tí òǹkàwé fi owó ara rẹ̀ rà ni ó di ìránṣẹ́ òǹkọ̀wé.

Títí di 1999, ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn ń gbà ni pé kí a má ṣí fáìlì tí ẹni tí a kò mọ̀ bá so mọ́ lẹ́tà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní BubbleBoy sọ ìmọ̀ràn yìí di aláìtó. Kò sí fáìlì kankan tí a so mọ́ ọn. Inú HTML lẹ́tà ni ó wà, ó sì tó kí lẹ́tà náà kàn hàn lójú Outlook Express kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti dí ihò yẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2018, àwọn olùwádìí láti Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù fi ohun tí wọ́n pè ní EFAIL hàn, èyí tí ó kan àwọn lẹ́tà tí a fi àṣírí dì. Ọ̀tá tí ó bá ti jí lẹ́tà dídì gbà lè tò ó sáàárín HTML tirẹ̀ kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ onítọ̀hún yóò tú u, yóò sì gbé ọ̀rọ̀ tí ó tú padà lọ fún ọ̀tá, bí ẹni pé àwòrán ni ó ń lọ bẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn àwọn olùwádìí náà ni pé kí a pa HTML nínú ímeèlì.

Kò ṣòro láti ṣe. Nínú Thunderbird, àyè mẹ́ta wà fún ara lẹ́tà: HTML gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ti ṣe é, HTML tí a ti bọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀ṣọ́ lára rẹ̀, àti pọ́ńbélé. Outlook náà ní àyè tí a fi lè sọ pé pọ́ńbélé ni a fẹ́ máa kà. Bí a bá yan pọ́ńbélé, kò sí ibi tí àdírẹ́sì yóò sá pamọ́ sí lábẹ́ orúkọ mìíràn, ẹ̀rọ kì í sì í jáde lọ wá àwòrán.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé pọ́ńbélé yóò jẹ àmì ohùn wa run. Òótọ́ ni nígbà àwọn àmì 128, tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ fi di oko kan ṣoṣo. Àmọ́ HTML kọ́ ni ó yọ wá. Unicode tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, àti UTF-8 tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, ni ó yọ wá. Lẹ́tà pọ́ńbélé tí a fi UTF-8 kọ yóò gbé ẹ, ọ, ṣ àti gbogbo àmì ohùn láìsí ọ̀ṣọ́ kankan. Ohun tí pọ́ńbélé ń tú fó ni àwọn fọ́ńtì àtijọ́ tí ó jẹ́ pé àmì mìíràn ni wọ́n yà ní àwòrán ẹ tàbí ọ. Bí a bá ti bọ́ fọ́ńtì náà kúrò, ọ̀rọ̀ yóò di jágbajàgba, nítorí pé a kò kọ Yorùbá síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni a yà.

N kò sọ pé kí a kórìíra ọ̀ṣọ́. Tábìlì èsì ìdánwò kò ṣeé kà ní pọ́ńbélé, ìwé ìpè ìgbéyàwó tí kò ní àwọ̀ kò sì wu ẹnikẹ́ni. Kí a fi HTML tí a ti bọ́ ọ̀ṣọ́ lára rẹ̀ ka ti ojúlùmọ̀, kí a sì fi pọ́ńbélé ka ti àjèjì, pàápàá èyí tí ó bá ń béèrè owó tàbí ọ̀rọ̀-aṣínà. Ojú kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ náà o. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ti lè gba àwọn lẹ́tà tí ó ju A sí Z lọ, oníjìbìtì sì lè fi ọ sí ibi tí ó yẹ kí o wà. Àmì ìsàlẹ̀ yẹn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í fẹ́ kọ nínú ìdánwò, ni yóò fi hàn wọ́n pé báńkì wọn kọ́ ni ó kọ̀wé. Nínú fọ́ńtì mìíràn, ó kéré débi pé ó dára kí a fi ọwọ́ ara wa tẹ àdírẹ́sì náà.