Faten Hamama: Ẹni Tí Ojú Rẹ̀ Ń Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Faten Hamama, òṣèré ilẹ̀ Íjíbítì tí a bí ní 1931, tó sì kú ní 2015, mọ èyí dájú.

Nínú Al-Haram (1965), òun ni Aziza, lébìrà oko tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kúkúǹdùnkú ni aláìsàn náà ń fẹ́ jẹ. Níbi tí Aziza ti lọ wà á ni ọkùnrin kan ti fipá bá a lò pọ̀. Oyún dé, ìtìjú dé. Faten kò sọ ọ́ di ariwo. Ojú rẹ̀ ló fi ń sọ èyí tó pọ̀ jù.

Síbẹ̀, Oridu Hallan (1975) ni mo yàn. Lóòótọ́, fíìmù yìí ń wàásù jù nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n Aziza fi ìyà rẹ̀ pamọ́ títí ó fi pa á. Doria gbé tirẹ̀ síwájú adájọ́, ó ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ. Ọdún gorí ọdún, ó pàdánù ẹjọ́. Ọdún 2000 ni òfin Íjíbítì tó gba obìnrin láyè láti kọ ọkọ láìgba àṣẹ rẹ̀, bó bá dá owó orí padà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín tó ti bàlágà bá yín wò ó. Sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹni tí ìyà ń jẹ panu mọ́.