Ìwà Lẹwà Ẹ̀rọ: Àyẹ̀wò Fóònù àti Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ṣeé Tú

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà kan, ìbéèrè méjì ni yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: kí ni wọ́n ṣe nǹkan náà fún, ọ̀nà wo sì ni wọ́n gbà ṣe é? Ìbéèrè méjèèjì yìí kan àga tí gbẹ́nàgbẹ́nà kàn àti ìlù tí onílù ń lù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kan ewì àti eré-onítàn. Ó yẹ kí a bi fóònù àti kọ̀ǹpútà náà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. A ń rà wọ́n, a ń fi wọ́n yangàn, a tilẹ̀ ń jiyàn lórí èyí tí ó dára jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a sábà fi ń díwọ̀n wọn kò ju dídán ojú wọn, títẹ́ẹ́rẹ́ ara wọn, àti bí wọ́n ti ń ya àwòrán sí lọ.

Ẹwà òde nìyí. Yorùbá sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwà lẹwà. Kí wá ni ìwà ẹ̀rọ? Ní tiwa, ọjọ́ tí apá kan nínú ẹ̀rọ bá gbó ni ìwà rẹ̀ ń hàn. Bí ẹni tí ó ni ín bá lè tú u, tí ó pààrọ̀ ohun tí ó gbó, tí ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ náà níwà. Bí kò bá ṣeé tú, àbùkù ńlá wà lára rẹ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Awọ Ìlù àti Igi Ìlù

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlù ṣe àpẹẹrẹ. Igi àti awọ ni dùndún. Awọ ni a ń lù, awọ náà ni ó sì ń gbó. Bí awọ bá ya, onílù kì í sọ igi nù; awọ tuntun ni ó ń wá. Bátìrì ni awọ fóònù. Irú bátìrì tí ó wà nínú fóònù òde-òní, èyí tí a fi èròjà lithium ṣe, ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ gbé e wá sọ́jà. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni, kò sì yani lẹ́nu pé mẹ́ta nínú àwọn onímọ̀ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní ọdún 2019.

Ṣùgbọ́n bátìrì yìí kì í ṣe ohun tí ń wà títí. Gbogbo ìgbà tí a bá lò ó tán tí a sì tún fi í sí iná ni agbára rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ooru sì ń mú kí ó tètè darúgbó, èyí tí ó burú fún àwa tí a wà ní ilẹ̀ olóoru. Apple fúnra rẹ̀ sọ pé bátìrì iPhone 14 àti ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe kí ó lè ní ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti lò ó tán ní ẹ̀kún-rẹ́rẹ́ ní ìgbà 500. Ẹni tí ó bá ń lo bátìrì rẹ̀ tán lójoojúmọ́ yóò dé ibẹ̀ kí ọdún méjì tó pé. Ní àkókò náà, ojú fóònù ṣì mọ́lẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí. Igi ṣì le koko, awọ nìkan ni ó ti ń ya.

Bí Nǹkan Ti Rí Tẹ́lẹ̀

Kì í ṣe pé àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ kò mọ èyí. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà ara ẹni rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, inú rẹ̀ ṣeé ṣí. Àlàfo wà níbẹ̀ tí a lè ki pátákó mìíràn bọ̀ bí iṣẹ́ ẹni bá ti fẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ tẹ ìwé kan tí ó fi àwòrán bí wọ́n ti so inú rẹ̀ pọ̀ hàn. Ṣíṣí tí wọ́n ṣí i sílẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn lè máa ṣe ohun èlò tí ó bá a mu, tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ fi tàn ká gbogbo ayé.

Bákan náà ni fóònù rí. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, Nokia 3310 tí ó jáde ní ọdún 2000 wà lára àwọn fóònù tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2003, Nokia 1100 dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní orí rẹ̀, iye tí wọ́n sì tà nínú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 250 lọ. Ọwọ́ lásán ni a fi ń ṣí ẹ̀yìn àwọn fóònù wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ní bátìrì méjì, tí iná ọba sì lọ, yóò yọ èyí tí ó kú, yóò fi èyí tí ó yè sí i, ọ̀rọ̀ tán.

A kò sọ pé wọn kò ní àléébù tiwọn. Bí ọjọ́ bá ti pẹ́, ẹ̀yìn wọn a máa tú. Bátìrì a máa mì nínú ihò rẹ̀, tí fóònù yóò sì máa kú lójijì. Ta ni kò rántí ìgbà tí a ń ṣẹ́ bébà léra láti fi há bátìrì mọ́lẹ̀? Ayédèrú bátìrì sì kún ọjà. Àmọ́ àléébù tí ọwọ́ ẹni tó láti tún ṣe ni ìwọ̀nyí.

Àgbàdo Inú Ìgò

Nígbà tí iPhone àkọ́kọ́ dé ọjà ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, wọ́n ti pa bátìrì rẹ̀ mọ́ inú, ẹni tí ó rà á kò sì lè yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2012, Apple kan náà gbé MacBook Pro kan jáde tí wọ́n fi òjé jó mẹ́mórì rẹ̀ mọ́ pátákó inú, tí wọ́n sì fi àtè lẹ bátìrì rẹ̀ mọ́ àpótí. Samsung náà tẹ̀lé ipa yìí: Galaxy S5 ti ọdún 2014 ṣeé ṣí, ṣùgbọ́n Galaxy S6 ti ọdún 2015 kò ṣeé ṣí mọ́. Láti ìgbà náà ni èyí ti di àṣà fún fóònù ńlá àti kékeré. Àgbàdo inú ìgò, ó di àwòmọ́jú fún adìẹ.

Àwọn tí ń gbèjà àṣà yìí ní àwíjàre mẹ́ta, ó sì tọ́ kí a gbọ́ wọn. Wọ́n ní fóònù tí a dè pa máa ń tẹ́ẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí títẹ́ẹ́rẹ́ fóònù bá a ṣe iṣẹ́ kankan tí bátìrì tí ó kú kò ní ba iṣẹ́ náà jẹ́. Wọ́n ní omi kì í wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rí S5 ta ko èyí: a lè fi ọwọ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, síbẹ̀, bí a bá dé e dáadáa, wọ́n ṣe é kí ó lè wà nínú omi tí ó jìn ní mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Wọ́n ní sísún tí àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ sún mọ́ra ń mú kí iṣẹ́ yá. Èyí ni ó lágbára jù nínú àwíjàre wọn. Nígbà tí Apple kó mẹ́mórì àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà M1 pọ̀ sí ojú kan ní ọdún 2020, eré tí ẹ̀rọ náà ń sá àti bí bátìrì rẹ̀ ti ń pẹ́ tó kí iná tó tán ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. A gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́mórì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ bátìrì. Mẹ́mórì lè pẹ́ bí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Bátìrì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a fi àtè lẹ ohun tí a mọ̀ dájú pé yóò gbó, kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó béèrè rẹ̀.

Àrùn Kan, Ìtọ́jú Méjì

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì wà tí ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, Nokia kéde pé bátìrì BL-5C tí ilé-iṣẹ́ Matsushita ṣe láàárín oṣù Kejìlá ọdún 2005 àti oṣù Kọkànlá ọdún 2006 lè gbóná jù nígbà tí ó bá wà nínú iná. Mílíọ̀nù 46 ni iye bátìrì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Kí ni ìtọ́jú rẹ̀? Kí olúkúlùkù ṣí ẹ̀yìn fóònù rẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà ara bátìrì, kí ó sì gba òmíràn bí tirẹ̀ bá wà lára wọn. Fóònù rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì ni ti Galaxy Note 7 ní ọdún 2016. Bátìrì rẹ̀ ń gbiná. Ní oṣù Kẹsàn-án, Samsung ní kí wọ́n dá nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 padà. Nígbà tí àwọn tí wọ́n fi pààrọ̀ wọn náà tún ń gbiná, ilé-iṣẹ́ náà dá ṣíṣe fóònù yìí dúró pátápátá ní oṣù Kẹwàá. Nítorí pé bátìrì kò ṣeé yọ, odindi fóònù ni àwọn ènìyàn ń dá padà: ojú tí ó dán, ọpọlọ tí ó jí, gbogbo rẹ̀. Àrùn kan náà ni. Ọ̀kan gba ìwòsàn, èkejì bá ikú lọ.

Ẹ̀kọ́ kan tún jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, nígbà tí Apple gbà pé òun ń dín eré àwọn iPhone kan kù bí bátìrì wọn bá ti gbó, kí wọn má baà máa kú lójijì. Wọ́n dín owó tí wọ́n fi ń pààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí dọ́là 29 ní ọdún 2018. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ti rò pé fóònù òun ni ó darúgbó, yóò sì ti lọ ra òmíràn. Awọ ni ó ya, igi ni ó sọ nù.

Ta Ni Ń Jẹ Ìyà Rẹ̀?

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ́ pé fóònù tòkunbọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni agbára wọn ká. Èyí túmọ̀ sí pé bátìrì tí ẹlòmíràn ti lò gbó ni wọ́n ń rà. Fóònù yìí kan náà ni ilé ìkàwé wọn, òun ni ìwé àkọsílẹ̀ wọn, òun ni wọ́n fi ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lọ ṣe ìwádìí lítíréṣọ̀ alohùn. Bí ó bá kú ní àárín ìwádìí, owó nìkan kọ́ ni ó bá a lọ. Àgbà tí ó ti kì oríkì tán lè má lágbára láti tún un kì lọ́jọ́ kejì.

Ìyà náà sì ń jẹ àwọn tí ń tún fóònù ṣe, láti Computer Village ní Ìkẹjà títí dé abẹ́ agbòòrùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àwọn ni wọ́n fún ẹ̀yà fóònù ní orúkọ tí a ń lò: ojú fóònù, ẹ̀yìn fóònù, ẹnu ṣájà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì kàn ni wọ́n sọ lórúkọ. Nísinsìnyí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ooru yọ́ àtè kí wọ́n tó lè ṣí ẹ̀yìn fóònù, ojú rẹ̀ sì lè fọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú àtiwo ohun mìíràn sàn. Ẹ̀rọ tí a dè pa ń dín ìmọ̀ ọwọ́ kù, bí ìmọ̀ bá sì dín kù, ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ ọ́ náà yóò dín kù.

Àwọn kan ti ń wá àtúnṣe. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027, bátìrì irú àwọn ẹ̀rọ báwọ̀nyí gbọ́dọ̀ ṣeé yọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà yọ àwọn ẹ̀rọ kan sílẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wọn ni, kì í ṣe òfin tiwa. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni bí a ti ń yan ohun tí a ń fi owó wa rà.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ra ẹ̀rọ, kí ó béèrè: Ǹjẹ́ bátìrì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, èló sì ni? Ǹjẹ́ ohun tí a fi ìdè irin dè ju ohun tí a fi àtè lẹ̀ lọ nínú rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹni tí ó lè tún un ṣe wà nítòsí? Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ThinkPad T480 ti ọdún 2018 yóò borí ọ̀pọ̀ tí ó dán jù ú lọ: bátìrì ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ wọ́ọ́rọ́, àyè méjì sì wà fún mẹ́mórì tí ó ṣeé pààrọ̀. Kò tẹ́ẹ́rẹ́, kò dán, ṣùgbọ́n ó níwà. Ó yẹ kí àwọn tí ń ra kọ̀ǹpútà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà máa béèrè bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí a rà fún ogún akẹ́kọ̀ọ́ lónìí yẹ kí ó ṣì wúlò fún àwọn tí yóò wọlé ní ọdún márùn-ún sí i. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ̀rọ tí kò bá gbà kí ọwọ́ wa kàn án, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ṣe é.