Àpótí Wo Ni Ó Ń Gba Lẹ́tà? Àyẹ̀wò Ìlànà WebDriver

Ìlànà tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni WebDriver, tí àjọ W3C fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2018. Òun ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti dán ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì wò bí ẹni pé ènìyàn ni ó ń lò ó. Ohun tí ó kan àwa olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà jù nínú rẹ̀ ni «focus», èyí nì ni ipò àpótí tí lẹ́tà tí a bá tẹ̀ yóò wọ̀.

Kò yẹ kí á pè é ní ìfojúsí. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ lè wà lára àpótí kan, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa wọ inú òmíràn. Ó sún mọ́ iṣẹ́ «ni» nínú gírámà wa. Nínú «Ìwé ni mo rà», ohun kan ṣoṣo ni a yọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí kan ṣoṣo ń gba lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan náà.

A yin ìlànà yìí nítorí pé ó lè béèrè àpótí tí ó wà ní ipò náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé àpótí náà sí ipò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lo àtẹ bọ́tìnnì nìkan kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Tab ni yóò fi dé ibẹ̀. Àpótí tí Tab kò lè dé lè yege lọ́dọ̀ ẹ̀rọ.

Àléébù kejì kan èdè wa gan-an. Ní agbègbè Atakpamé, ɛ àti ɔ ni a fi ń kọ èdè Ifɛ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ àti ọ ni. Nínú Unicode, ɛ́ àti ẹ́ kò ní ẹyọ àmì tiwọn: lẹ́tà àti àmì ohùn ni a so pọ̀. WebDriver kì í fi bọ́tìnnì tẹ irú wọn; odindi ni ó ń gbé wọn sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀ ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àmì bá sọnù, yóò rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n kọ.

Nítorí náà, kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ láti òkè ojú-ewé, kí ó máa tẹ Tab, kí ó béèrè lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan àpótí tí ó gba ipò, kí ó sì ka ọ̀rọ̀ padà tohùn-tohùn. Lẹ́yìn èyí, kí á pe ẹni tí ń kọ Ifɛ̀ kí ó jókòó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rí ẹ̀rọ nìkan kò tó.